Ohun Tó Yí Ẹ́ńjìnnì Ká: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Pípààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́lì Nínú Ọkọ̀ Onígbòkun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ojú omi àti ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá di ọlọ́kọ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ onígbòkun bá ti kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà èbúté, ohun tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó ni ín ni pé, "Èló ni tuntun?" Ẹ jẹ́ kó fi ìbéèrè yẹn sápò ná. Kí ló ń pa èyí tó wà ńbẹ̀? Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń hú jù nù, kì í ṣe òun gan-an ló ń ṣàìsàn. Epo tó dọ̀tí, wáyà tó ti dípẹtà, ọ́ọ̀sì tó ń fa afẹ́fẹ́, sálẹ́ńsà tó ń dá omi padà, àwọn wọ̀nyí ló yí i ká, àwọn ló sì ń pa á. Ẹni tó bá gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sáàárín wọn láì tún wọn ṣe, àìsàn àtijọ́ ni yóò ràn án.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè ní ibi tó fẹsẹ̀ lé, ọkọ̀ kan pàtó la ó máa tọ́ka sí, Westerly Centaur. Waterlooville, nítòsí Portsmouth lápá gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń kàn án láti 1969 títí di 1980, wọ́n sì kàn án ju 2,400 lọ. Faibágíláàsì ni ara rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 26, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 3, ó sì ní ẹsẹ̀ méjì nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí omi bá fà tán, orí ẹsẹ̀ ni yóò dúró lé, kò ní fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ara ọkọ̀ náà ló pẹ́ ju ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ.

Púpọ̀ nínú wọn gbé Volvo Penta MD2B wá láti ilé iṣẹ́: sílíńdà méjì, agbára ẹṣin 25. Àwọn tí wọ́n kàn lẹ́yìn gbé MD11C. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ Lister tí àwọn ọlọ́lọ̀ ata ń lò nílé yóò dá irú ẹbí yìí mọ̀ lójú ẹsẹ̀: irin gidi, fíláwíìlì tó wúwo bí ọmọ ọlọ ńlá, ọwọ́ kékeré tí a ń gbé sókè kí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà lè dẹ̀, àti irin tí a fi ń yí i jí láìsí bátìrì. Omi ló mú un yàtọ̀ sí ti ọlọ́lọ̀. Omi òkun fúnra rẹ̀ ló ń gba inú irin ẹ́ńjìnnì náà kọjá láti tù ú. Bí omi òkun bá sì gbóná jù, iyọ̀ inú rẹ̀ á jókòó di èépá. Ìdí nìyẹn tí tẹ́mósítáàtì irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ fi ń ṣí ní nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí èyí tó ní omi aláìníyọ̀ tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 80. Síbẹ̀, bí ogójì ọdún bá gorí ara wọn, èépá á dí ojú ọ̀nà omi, ìpẹtà á sì jẹ irin láti inú. Bí irin tó wà láàárín ọ̀nà omi àti sílíńdà bá ti jẹ tán, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò lè gbà á là mọ́, torí ojú irin tó yẹ kó jókòó lé kò tẹ́jú mọ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá dé ibẹ̀ ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ pé.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti dé ibẹ̀? Ẹ mú jálá dísẹ́lì kan tó mọ́ kedere, ẹ gbé e sókè ju ẹ́ńjìnnì lọ, ẹ fi ọ́ọ̀sì tuntun so ó tààrà, kí táǹkì ọkọ̀ má lọ́wọ́ sí i rárá. Ẹ fi okùn mẹ́rin so ọkọ̀ mọ́ èbúté, ẹ ki jíà síwájú, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Bí kò bá kú, bí kò sì jó rẹ̀yìn, táǹkì àti páìpù epo ló jẹ̀bi, ẹ ò nílò ẹ́ńjìnnì. Tó bá jẹ́ pé kò fẹ́ jí ni, ẹ gbé mítà wáyà lé ẹnu kíkìsítátà nígbà tó ń yí. Bí bátìrì bá ń fi fólítì 11 hàn tí ẹnu kíkìsítátà sì ń fi 9 hàn, àárín ọ̀nà ni agbára ń ṣòfò sí: wáyà tàbí ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ irin. Iye owó wáyà méjì kò sún mọ́ iye owó ẹ́ńjìnnì.

Èéfín náà ń sọ̀rọ̀. Funfun tó ń rùn bí dísẹ́lì jẹ́ epo tí kò jó, ó lè jẹ́ nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú sílíńdà, ó sì lè jẹ́ afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tí kò fún pọ̀ tó. Funfun tí kì í rùn, tí kì í sì í tán, omi ló ti ń wọlé. Búlúù jẹ́ ọ́ìlì. Dúdú jẹ́ ẹrù tó pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ tí kò tó, pròpélà tí ìgbín omi ti bò lè fà á. Èyí tó máa ń parí ẹjọ́ ni kí ẹ wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ rẹlẹ̀ sí èkejì, tí omi sì ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun.

Agbára tó yẹ la ó kọ́kọ́ wá, kì í ṣe agbára tó pọ̀. Ọkọ̀ onígbòkun kò lè sáré ju bí gígùn rẹ̀ lójú omi ṣe gbà á láyè lọ. Ẹ wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì iye ẹsẹ̀ bàtà tó kan omi, ẹ fi 1.34 sọ ọ́ di púpọ̀. Ti Centaur jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 21 àti ínṣì 4, èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máìlì òkun 6.2 ní wákàtí kan. Agbára tó bá lé sí i lẹ́yìn ìyẹn, ìgbì ló kàn ń dá sílẹ̀. Agbára ẹṣin 4 sí 5 fún tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan la máa ń fojú dá, èyí tó fún ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 3 ní 12 sí 15. A fi díẹ̀ kún un fún afẹ́fẹ́ àti ìgbì tó ń kọjú sí ni, ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 20 ti tó, ó sì tó délẹ̀. Beta 20, tí wọ́n kọ́ lórí ẹ́ńjìnnì Kubota onísílíńdà mẹ́ta, àti Yanmar 3YM20 ni ẹ ó máa rí jù nínú irú ọkọ̀ yìí. Ara àwọn méjèèjì fúyẹ́ dáadáa sí ti MD2B, tó fi jẹ́ pé ìdí ọkọ̀ máa ń gbéra sókè díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí orúkọ. Ibi tí mẹkáníìkì àti páàtì bá ti sún mọ́ yín ni kí ẹ rà.

Jíà àti pròpélà ni ibi tí a ti ń pàdánù owó jù láìmọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ń yí ní 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí jíà rẹ̀ sì pín in sí 1.9, pròpélà ń yí ní nǹkan bí 1,300. Ẹ́ńjìnnì tuntun ń yí ní 3,600. Bí ẹ bá gba jíà 2 sí 1, pròpélà yóò yí ní 1,800, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ṣeé lò. Bí ẹ bá gba 2.6 sí 1, yóò yí ní nǹkan bí 1,385, ó sún mọ́ ti tẹ́lẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí pròpélà náà dúró pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀. Fún ọkọ̀ tó wúwo tí kì í sáré, pròpélà ńlá tó ń yí jẹ́jẹ́ ló ń ti omi dáadáa, nítorí náà 2.6 la máa ń gbà wọ́n níyànjú, bí àyè bá wà lábẹ́ ọkọ̀. Àyè ọ̀hún gbọ́dọ̀ tó ìdá mẹ́wàá sí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìbú pròpélà: ti ínṣì 15 gbọ́dọ̀ fi ínṣì kan àbọ̀ jìnnà sí ara ọkọ̀, ó kéré tán. Ẹ sì wo apá tó ń yí sí. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ mìíràn ń yí ṣááfù, irin gígùn tó gbé pròpélà, sí òsì, tuntun ń yí i sí ọ̀tún. Ẹni tí kò bá wò ó, ọjọ́ tó bá ki jíà síwájú ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò fẹ̀yìn rìn.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wọn nǹkan. Láti ojú ìdè ṣááfù, ìyẹn ojú irin tí a fi dè é mọ́ jíà, dé ògiri iwájú yàrá ẹ́ńjìnnì. Láti ọ̀gangan àárín ṣááfù sọ̀kalẹ̀ dé orí ibùsùn tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, níwájú àti lẹ́yìn. Àlàfo láàárín ibùsùn méjèèjì. Fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì máa gbà wọlé, torí ó wà nínú ohun tó ti dójú ti ènìyàn rí. Ẹ wá gba àwòrán ẹ́ńjìnnì tuntun lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kan àwòṣe rẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́rin síbi tí síìtì ẹ́ńjìnnì (àwọn ẹsẹ̀ onírọ́bà tó gbé e dúró) máa wà, iwájú, ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ àwo ọ́ìlì, ojú ìdè jíà. Ẹ na okùn gba àárín páìpù ṣááfù wá síwájú, ẹ gbé àwòṣe náà sí i kí okùn gba ojú ìdè rẹ̀ gan-an. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bóyá ibùsùn ga jù tàbí ó rẹlẹ̀. Níbẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí i bóyá ọwọ́ yín máa dé ibi pọ́ǹpù omi, fíltà ọ́ìlì àti irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Pákó kò wọ́n. Gígé ibùsùn lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti dé ló wọ́n.

Yíyọ àtijọ́ jáde kò le tó bí ojú ṣe ń rò ó, bí ẹ bá tú u sí wẹ́wẹ́. Ẹ ti táàpù omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ yọ bátìrì, ẹ fa ọ́ìlì tán, ẹ ya àwòrán gbogbo wáyà kí ẹ tó gé ọ̀kan. Ẹ wá yọ fíláwíìlì, kíkìsítátà, tọ́ọ̀pù sílíńdà àti àpótí jíà, kí ohun tó kù lè fúyẹ́. Kéréènì èbúté ló dára jù fún gbígbé. Àwọn kan máa ń fi igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun gbé e. Igi náà kò mọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹ bá máa lò ó dandan, ẹ fi òpó gidi gbè é lábẹ́ ní ọ̀gangan ibi tí ẹrù wà.

Ẹ ó rí ibùsùn ní ìhòòhò wàyí. Igi tí wọ́n fi faibágíláàsì bò ló sábà máa ń jẹ́, ogójì ọdún dísẹ́lì àti ọ́ìlì sì ti ń rìn wọnú ihò bóótì àtijọ́. Ẹ lu ihò kékeré kan. Bí èérún igi bá jáde ní gbígbẹ, tó sì mọ́, ẹ dúpẹ́. Bó bá dúdú, tó tutù, ẹ gé e kúrò, ẹ fi igi tuntun sí i. Ẹ má ṣe fi ẹ̀pọ́sì, àtè líle tí a fi ń lẹ̀ ẹ́, lé ohun tí ọ́ìlì wà lára rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ tó ń gé ọ̀rá fọ̀ ọ́, ẹ fi asetóònù nù ún, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi sáńpépà ha á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ha á ń fi sáńpépà rọ ọ̀rá náà wọnú ni. Lórí ibùsùn tuntun, a máa ń lẹ pẹlẹbẹ irin tó nípọn tó mìlímítà 10, tí a ti gé ojú ọ̀nà bóótì mìlímítà 12 sínú rẹ̀, kí síìtì ẹ́ńjìnnì má bàa máa gbẹ́kẹ̀ lé ìṣó inú igi.

Ẹ fara balẹ̀ lórí sálẹ́ńsà, torí òun ló ń pa ẹ́ńjìnnì tuntun. Nínú ọkọ̀ onígbòkun, ẹ́ńjìnnì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ju ìlà omi lọ. Omi òkun tó bá ti tu ẹ́ńjìnnì tán, wọ́n á dà á sínú ẹnu sálẹ́ńsà kí ó tu èéfín, kí wọ́n jọ jáde. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, omi tó kù nínú ọ́ọ̀sì á ṣàn padà sísàlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rí ìkòkò tí yóò gbà á. Ọ́ọ̀sì tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 50 ń gba omi tó tó lítà 2 fún mítà kan. Bí ọ́ọ̀sì yín bá gùn tó mítà 3, ìkòkò tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba lítà 6 láì kún dé ẹnu. Bí kò bá gbà á, inú sílíńdà ni yóò lọ, omi kò sì ṣeé fún pọ̀: bẹ́ẹ̀ ni irin inú ẹ́ńjìnnì ṣe ń tẹ̀.

Bí ibi tí omi ti ń wọ sálẹ́ńsà kò bá fi mìlímítà 150 ga ju ìlà omi lọ, òkun lè máa fa ara rẹ̀ wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú tí gbogbo ènìyàn ti sùn. Ẹ gbé ọ́ọ̀sì omi náà sókè bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, sí àárín ọkọ̀, kó fi mìlímítà 300 ga ju ìlà omi lọ, ó kéré tán, kí ẹ sì fi fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé sí orí rẹ̀. Iyọ̀ máa ń dí fáàfù yìí, ẹ máa ṣí i fọ̀ lọ́dọọdún. Ohun kejì nìyí: bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí kò jí, pọ́ǹpù ń da omi sínú sálẹ́ńsà, kò sì sí èéfín tí yóò tì í jáde. Bí ẹ bá ti yí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò dáhùn, ẹ ti táàpù omi kí ẹ tó tún gbìyànjú, ẹ sì ṣí i padà ní kété tó bá jí, kí rọ́bà inú pọ́ǹpù má bàa jó.

Epo kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ gbé táǹkì jáde, ẹ fọ̀ ọ́. Omi máa ń jókòó sísàlẹ̀ dísẹ́lì, ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé ni kòkòrò ti ń hù di ẹrẹ̀ dúdú tó ń dí fíltà, àgàgà lọ́jọ́ tí ìgbì bá ń mi ọkọ̀ tí ẹ nílò ẹ́ńjìnnì jù. Ẹ fi fíltà tó ń ya omi sọ́tọ̀ sáàárín táǹkì àti ẹ́ńjìnnì. Ẹ lo ọ́ọ̀sì tí wọ́n tẹ ISO 7840, àmì ìlànà àgbáyé fún ọ́ọ̀sì epo ọkọ̀ ojú omi, sí lára, torí iná kì í tètè jẹ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì tuntun fẹ́ páìpù tó ń dá epo tó ṣẹ́ kù padà sórí táǹkì gan-an. Táǹkì àtijọ́ mìíràn kò ní ihò fún un, ẹ ṣe é nígbà tó ṣì wà nílẹ̀.

Ti iná ńkọ́? Ẹ má ṣe so wáyà àtijọ́ mọ́ kíkìsítátà tuntun. Wáyà bàbà tó nípọn tó mìlímítà onígun mẹ́rin 50, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, ni ká fi sí i. Irin tí wọ́n fi ń yí MD2B jí kò sí mọ́, torí náà ẹ ya bátìrì kan sọ́tọ̀ fún jíjí nìkan, kí fíríìjì àti gílóòbù má dé ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni má sì ṣe pa súìṣì bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ọ́ọ̀tánétọ̀ ni yóò jó.

Wàyí o, títò. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀: ṣááfù ló ń pàṣẹ, ẹ́ńjìnnì ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ kọ́kọ́ gbé ṣááfù sí àárín páìpù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ojú ìdè jíà wá bá ojú ìdè ṣááfù, kí ẹ fi fílà géèjì, ewé irin tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo, wọn àlàfo wọn lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Bí ojú ìdè bá jẹ́ ínṣì 4, ìyàtọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 0.1 lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ yí ṣááfù nìkan ní ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ tún un wọ̀n. Bí àlàfo ńlá náà bá bá ṣááfù yí, ṣááfù tàbí ojú ìdè rẹ̀ ló tẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe máa to ẹ́ńjìnnì tí yóò fi tọ́. Bó bá dúró síbi tó wà, ẹ́ńjìnnì ni kò tíì tò. Ẹ ṣe gíga kọ́kọ́, ẹ ṣe ìdagun tẹ̀ lé e, ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́. Nọ́ọ̀tì síìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ gbé ẹrù bákan náà. Èyí tó bá ga jù lórí òpó bóótì rẹ̀, ẹ fi irin gbé abẹ́ rẹ̀ sókè, torí òpó tó gùn lóde máa ń mì títí yóò fi kán. Àwọn kan gbà pé ìdè onírọ́bà gba ènìyàn lọ́wọ́ gbogbo ìyọnu yìí. Irọ́ ni. Ìgbọ̀nrìrì ló wà fún, kò wà fún wíwọ́.

Títò tí ẹ ṣe lórí ilẹ̀, ti ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. Ara ọkọ̀ máa ń yí padà nígbà tí omi bá gbé e, á sì tún yí padà bí ẹ bá fa wáyà òpó ìgbòkun le. Ẹ jẹ́ kó wà lójú omi fún ọjọ́ méjì, kí òpó dúró, kí wáyà le, kí táǹkì kún, kí ẹ wá tú ìdè, kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n.

Ní ọjọ́ ìdánwò, ẹ rí i pé pròpélà mọ́. Ẹ ki jíà síwájú lójú omi tó pa rọ́rọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ dópin. Ẹ́ńjìnnì 3,600 gbọ́dọ̀ dé 3,600 tàbí kó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Bó bá dúró sí 3,000 tí èéfín dúdú sì ń jáde, pròpélà ti wúwo jù fún un. Ẹ má ṣe sọ pé, "A kì í kúkú sá dé ibẹ̀." Ẹrù tó pọ̀ jù wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ìyára, ooru rẹ̀ á sì jẹ fáàfù. Ínṣì kan tí a bá dín nínú ìwọ̀n bí pròpélà ṣe dagun ń fún ẹ́ńjìnnì ní yíyí 150 sí 200 padà. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ínṣì 3 sí 4 ni ẹ máa dín, tí ìdagun rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀, ó sì lè sàn kí ẹ ra pròpélà mìíràn. Bó bá kọjá 3,600 wẹ́rẹ́, tí ọkọ̀ kò sì sáré, ó fúyẹ́ jù nìyẹn.

Fún wákàtí 50 àkọ́kọ́, ẹ fún un níṣẹ́, ẹ máa yí ìyára rẹ̀ padà. Jíjẹ́ kó máa kùn jẹ́jẹ́ ní ìdákọ̀ró fún wákàtí mẹ́ta nítorí àtigba iná sí bátìrì ló ń ba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ onígbòkun jẹ́ jù: ara sílíńdà á dán bíi dígí, ríìngì kò ní lè dì í mú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì títí ayé rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 50, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, fíltà rẹ̀ àti ọ́ìlì jíà. Ẹ tún tú ìdè ṣááfù lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ gbé fílà géèjì síbẹ̀. Rọ́bà síìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rẹlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹrù láti ọjọ́ yẹn wá, àlàfo náà kò sì ní rí bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀.